Kílò mi ò wálẹ̀ mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì Bódìjà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ṣe iṣẹ́ abẹ sleeve, èyí tí wọ́n fi ń gé ọ̀pọ̀ nínú àpò oúnjẹ inú ènìyàn kúrò kó lè jò. Ó ti lé ní oṣù márùn-ún báyìí. Kílò 131 ni mo wà kí wọ́n tó ṣe é. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, mo ti dé 111, mo ti ń wo aṣọ tí n óò rán. Láti ìgbà náà ló ti ń fà tìkọ̀. 109 ni mo wà lónìí, ibẹ̀ náà ló sì dúró sí.

Ẹnu àwọn èèyàn ló ń dùn mí jù. Ọ̀rẹ́ mi kan l'Ékòó ṣe bypass, oríṣi iṣẹ́ abẹ mìíràn tó ń mú ènìyàn jò, lásìkò kan náà pẹ̀lú mi, òun ti di sìsí. Níbi òkú àgbà kan ní Mọ́kọ́lá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wò mí tòkè tilẹ̀, ó ní, "Gbogbo owó yẹn náà rèé?" Ọkọ mi ní kí n má dá wọn lóhùn. Ó rọrùn fún un, òun kọ́ ni wọ́n ń wò.

Ṣé iṣẹ́ abẹ yìí ò jẹ́ ni?

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Sleeve lèmi náà ṣe, ó sì dúró gbọn-in mọ́ mi lọ́wọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ ti òṣùwọ̀n yẹn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ ra téèpù télọ̀. Lásìkò tí kílò mi ò mì, ìró tí kì í yí mi ká tẹ́lẹ̀ ti ń ṣẹ́kù.

Bàbá Ọlọ́jà:
Ẹ wá àgbo tó ń fọ inú, kẹ́ ẹ mu ún fún ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo ọ̀rá yẹn á ṣàn jáde.

Nọ́ọ̀sì Ring Road:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fìyẹn lọ̀ ọ́. Omi ara ni àgbo ìyàgbẹ́ máa ń lé jáde, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹni tí àpò oúnjẹ rẹ̀ ti kéré ò sì lè mu omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan láti fi dípò rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kílò 22 ti lọ, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 17 nínú 100 ìwọ̀n yín. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣe sleeve, nǹkan bíi 25 nínú 100 ìwọ̀n wọn ló máa ń lọ, ó sì máa ń gbà tó ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀. Ní tiyín, ìyẹn á gbé yín wálẹ̀ dé nǹkan bíi kílò 98. Ibo ló tún kù? Bypass sábà máa ń mú ènìyàn jò ju sleeve lọ, torí oúnjẹ kì í gba apá kan ìfun kọjá mọ́. Ẹ má fi ara yín wé ọ̀rẹ́ yín.

Omi wà nínú ohun tó kọ́kọ́ ń yára lọ. Bí ara bá sì ti ń kéré sí i, agbára tó ń ná lójúmọ́ á máa dín kù, ìdí nìyẹn tí kílò fi ń fà tìkọ̀. Kí lẹ̀ ń jẹ? Oògùn wo lẹ̀ ń lò?

Ìyá Ìbejì Bódìjà:
Ẹ ṣé, mà. Ògì ni mò ń mu láàárọ̀, òun ló ń lọ geere. Ẹran máa ń há mi láyà. Lọ́sàn-án, àmàlà díẹ̀ pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì, Ìbàdàn ṣáà la wà. Bó bá rẹ̀ mí, mo máa ń mu mọ́ọ̀tì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì ni mò ń lò tẹ́lẹ̀, dókítà ti dín in kù sí ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì Ring Road:
Oògùn tó dín kù yẹn, ẹ ò kà á sí ni? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ò lè rí ìyẹn lóde ìnáwó.

Ohun tó ń lọ geere yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Ògì àti mọ́ọ̀tì kì í pẹ́ nínú àpò kékeré yẹn, ebi á tún tètè pa yín. Pròtéìnì ni kẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ jẹ, gíráàmù 60 sí 80 lójúmọ́. Ẹyin kan ò sì ju bíi 6 lọ, ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ni? Ẹja sísè, mọ́ínmọ́ín rírọ̀, wàrà. Gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà ni, ẹ bù ú dáadáa. Àmàlà ni kó gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ kẹ́ ẹ tó mu omi.

Bí ẹran bá ṣì ń há, tàbí tẹ́ ẹ bá ń bì, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yín; ibi tí wọ́n gé lè ti fún jù. Kí wọ́n yẹ tàíróọ̀dì, ẹ̀yà ara ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń ná agbára, àti ẹ̀jẹ̀ yín wò pẹ̀lú, kẹ́ ẹ má sì fi fítámì yín sílẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó:
Àti ìrìn o. Èmi máa ń gun òkè Màpó láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, mo sì máa ń fi jálá omi méjì gbé apá nílé.

Bàbá Ọlọ́jà:
Mo ti gbọ́, nọ́ọ̀sì. Ta ló máa wá dá ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ lóhùn?

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó:
Kí wọ́n ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́, mà, ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti ń wálẹ̀." Ẹ jẹ́ kó wá ohun tó máa sọ sí ìyẹn.

Ìyá Ìbejì Bódìjà:
Ẹ̀rín pa mí o. Màá pe dókítà lọ́la. Wàrà tí wọ́n ń gbé kiri lọ́jà wa ńkọ́, ṣé mo lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ring Road:
Ẹ kọ́kọ́ tún un sè. Ẹ má dín in o, epo inú rẹ̀ á pọ̀ jù.