Ta ni Plunder Chest, àpótí tó ń gba ẹrù ọwọ́ ẹlòmíì nínú géèmù Mario Party, ti jà lólè rí? Ẹ wá sọ tiyín

Ará Adéwọlé:
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣí i. Lóṣù àwẹ̀, bí a bá ti kírun àṣámù tán, ilé ẹ̀gbọ́n mi la máa ń kó sí, a ó máa ta géèmù títí wọ́n á fi pè wá sí sààrì. Mario Party Superstars, èyí tó jáde ní 2021, ni wọ́n ní. Àwa mẹ́rin la jókòó sí i, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kéré jù, kò tíì wọ sẹ́kọ́ńdìrì.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ìràwọ̀ là ń wá kiri, kọ́ìnì 20 ni wọ́n ń ta ọ̀kan. Ẹrù mẹ́ta lèèyàn lè kó sápò. Golden Pipe ni ọ̀gá wọn lójú tèmi, torí ẹni tó bá lò ó, ìdí ìràwọ̀ ló máa já sí gbọnrangandan. Òun nìkan ló wà lápò mi. Kọ́ìnì mi ò tíì pé 20, mo wá ń retí mínígéèmù kan sí i, mo sì ti ń fẹnu yangàn.

Ó kan ọmọ yìí. Ọwọ́ rẹ̀ ń dán fún epo àkàrà, ó nù ún mọ́ híjáàbù, ó tẹ pádì lẹ́ẹ̀kan. Àpótí yọ, ó gbé Golden Pipe mi lọ. Ló bá kúnlẹ̀, "Àǹkù, ẹ má bínú o." Mo ní kò tọ́pẹ́, ṣé òun náà ò tíì lè lò ó àfi bó bá tún kàn án. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí a ṣe máa dí i lọ́wọ́, pàbó ló já sí. Wọ́n ní ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Èyí fọn tiẹ̀ sí mi létí. Ó ra ìràwọ̀, ó tún bu àkàrà mìíràn.

Ọmọ Ìjàkadì, Ọ̀fà:
Ẹ̀yin tiẹ̀ rí mẹ́ta kó sápò! Lásìkò tiwa, Nintendo 64 tí ẹ̀gbọ́n kan gbé ti òkè òkun bọ̀ la fi ta Mario Party 2, èyí tó jáde ní Japan ní 1999. Ẹrù kan ṣoṣo lèèyàn lè mú dání níbẹ̀, wọ́n bá ti gbà á, ó di ọwọ́ òfìfo. Pátákó géèmù tí wọ́n ń pè ní Western Land la wà, gbogbo àwọn tó wà nínú géèmù múra bíi darandaran Amẹ́ríkà. Mo fi Plunder Chest gba Magic Lamp lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, àtùpà tó ń gbéni dé ìdí ìràwọ̀. Kí ó tó kàn mí padà, NẸ́PÀ mú iná. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ọlọ́run ló gbèjà òun. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. A jà á nínú òkùnkùn, Màmá ló fi ìgbálẹ̀ là wá.

Ìyá Ìbejì, Tánkẹ:
Ariwo yín ti pọ̀ jù. Ṣé Boo, iwin inú géèmù yẹn, ò tíì ya ọ̀dọ̀ yín ni? Ẹni tó bá san kọ́ìnì 50 fún un, ìràwọ̀ gan-an ló máa lọ gbà wá fún un lọ́wọ́ yín, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan ṣe sí i. Olè nìyẹn. Ti àpótí yìí, mo ti mọ oògùn rẹ̀: Mushroom méjì, ẹrù tí kò tó nǹkan, ni mo máa ń kó ti ẹrù gidi nínú àpò, kí ọwọ́ olè lè ṣì í mú. Bàbá Ìbejì gbà á lọ́wọ́ mi lánàá, ó ti dìde pé òun máa jó, ló bá rí i pé Mushroom ni. Ẹnu ọmọ ò dákẹ́ títí wọ́n fi sùn.