Síkútà oníbátìrì tó lágbára: kí ẹ tó rà á lókè òkun, kí ẹ tó gbé e wá sílé

Ọmọ Kàbà, Manchester

Òkun o, gbogbo ilé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo àwọn síkútà oníbátìrì ńláńlá yìí, àwọn tó ní énjìnnì méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Mo fẹ́ ra ọ̀kan tí màá máa gùn níbí. Tí mo bá ń bọ̀ nílé lọ́dún tó ń bọ̀, màá gbé e wá fún àbúrò mi tó ń ṣe tíṣà ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogi, torí owó ọ̀kadà ń dà á láàmú. Ẹ̀gbọ́n wa tó padà sí Ògìdì láti Jámánì máa ń fi àwòrán tiwọn hàn wá níbí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Irú èwo ni kí n rà, báwo ni màá sì ṣe gbé e délé?

Bọ̀dá Ògìdì

Àbúrò, òkun o. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí, torí ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ìbéèrè méjì lo bi. Èyí tó o máa gùn ní Manchester àti èyí tí àbúrò rẹ máa gùn ní Kàbà ò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ti Manchester, àwọn tó wà ní ìlú ọba á dá ọ lóhùn. Ní Jámánì tí mo gbé, láti oṣù kẹfà ọdún 2019 ni òfin síkútà ti wà: kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 20 ní wákàtí kan lọ, ó gbọ́dọ̀ ní bíréékì méjì tí ọ̀kan ò gbára lé èkejì, o sì gbọ́dọ̀ san ínṣọ́ráńsì kí wọ́n tó fún ọ ní nọ́ńbà kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Síkútà kékeré tó bá òfin yẹn mu ni mo gùn jálẹ̀ gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo ti mọ̀ pé ilé ni mò ń padà sí ni mo ra ńlá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí n ra ńlá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí eré ni wọ́n ṣe ń fi énjìnnì méjì sí i. Torí òkè ni tèmi. Àpáta ló yí Ògìdì ká, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Síkútà wáàtì 350 tí mò ń gùn ní Jámánì, tó bá pàdé òkè gidi, tí ẹni tó sanra bíi tèmi sì dúró lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ lèèyàn á fi bá a parí ìrìn náà. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ní énjìnnì wáàtì 1,000 méjì, bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ fóòtì (V) 60. Tèmi tẹrù ló ń gbé gun òkè láìdúró. Iṣẹ́ tí agbára wà fún nìyẹn. Mo lè fi sáré gan-an, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà tiwa, kìlómítà 30 ní wákàtí kan ti tó mi.

Bátìrì ló gba owó jù lára rẹ̀, òun náà sì ni wọ́n fi ń tan èèyàn jù. Má wo iye wáàtì tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. Fóòtì àti ampere-wákàtí (Ah) ni kó o wò, kó o sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn. Tèmi jẹ́ fóòtì 60 àti 28 Ah, ìyẹn wáàtì-wákàtí (Wh) 1,680, iye iná tí bátìrì náà lè gbà. Tí mo bá rọra ń lọ ní kìlómítà 25 ní wákàtí kan lórí ọ̀dà tó dán, nǹkan bíi 15 Wh ló ń jẹ fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ dé 45, afẹ́fẹ́ á máa tì mí padà, iye yẹn á sì di ìlọ́po méjì. Tó bá jẹ́ orí ilẹ̀ pupa àti yangí ni, á tún jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkè náà ní ìṣirò tirẹ̀: tí èmi àti síkútà bá jọ wọn 120 kìlógíráàmù, kí a gùn ún sókè ní mítà 100 á jẹ nǹkan bíi 40 Wh. Fún ìdí èyí, tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó lè rin kìlómítà 100, ẹni tó fúyẹ́, tó ń rọra lọ, lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ìdajì ni kó o fọkàn sí.

Ohun kan wà tí mo máa ń wò ní gbogbo ìgbà tí mo bá gùn ún. Má gbọ́kàn lé àwòrán bátìrì onílà márùn-ún tó wà lójú mítà, nọ́ńbà fóòtì ni kó o máa wò. Tí bátìrì fóòtì 60 bá kún, 67.2 ló máa fi hàn. Bí mo ṣe ń gun òkè tó wọ ilé wa, màá rí i tí nọ́ńbà á já wálẹ̀ láti 60 sí 56, bí mo bá sì ti dé orí òkè tí mo dúró, á tún rọra gòkè padà. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n tó bá ń fi 52 hàn nígbà tí mo dúró jẹ́ẹ́, ilé ni mo máa ń forí lé, mi ò ní ya ibì kankan mọ́.

Ní ti bíréékì, olóróró (hydraulic) ni kó o rà, pẹ̀lú dísìkì níwájú àti lẹ́yìn. Oníkébùlù á tó fún síkútà kékeré, kò tó fún èyí. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tó o máa rìn dé kó o tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin, táyà rẹ̀ sì kéré, íǹṣì 10 tàbí 11, kò lè fò kòtò bíi ti ọ̀kadà. Tó o bá fẹ́ tẹ bíréékì, gbé ara sẹ́yìn, tẹ orúnkún díẹ̀, kí ẹsẹ̀ kan ti pátákó ẹ̀yìn. Ẹni tó bá dúró ṣánṣán tó sì tẹ ti iwájú lójijì, orí ló máa fi lọ.

Kí n tó jáde láàárọ̀, màá tẹ bíréékì iwájú mọ́lẹ̀, màá di ọwọ́ síkútà mú, màá tì í síwá, màá fà á sẹ́yìn. Tí mo bá gbọ́ kí-kí-kí ní ibi tó ti ń ká, nọ́ọ̀tì ti ń tú nìyẹn, mi ò ní kúrò nílé títí màá fi mú un le. Ojú ọ̀nà wa máa ń gbọn nọ́ọ̀tì tú gan-an.

Bàbá Mọ̀pà, London

Ọmọ mi tó wà ní Manchester, má ra ńlá yẹn láti máa gùn lójú títì níbẹ̀ yẹn o. Síkútà tó jẹ́ tara ẹni kò bófin mu lójú títì tàbí ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà ní ìlú ọba. Èyí tí wọ́n ń yáni ní àwọn ìlú tí ìjọba ti ń dán an wò nìkan lòfin gbà láyè, kì í sì í kọjá máìlì 15.5 ní wákàtí kan, o sì ní láti ní láísẹ́ǹsì. Tí ọlọ́pàá bá mú ọ lórí tìẹ, wọ́n á ka á sí pé o wa ọkọ̀ láìní ínṣọ́ráńsì: owó ìtanràn £300, pọ́ìǹtì 6 lórí láísẹ́ǹsì, wọ́n sì lè gbé síkútà náà lọ. Ọmọ tó ń fi mọ́tò jẹun ò gbọdọ̀ fi pọ́ìǹtì mẹ́fà ṣeré. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ tó fún ọ láyè nìkan lo ti lè gùn ún.

Ní London, láti oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọn ò ti jẹ́ kéèyàn gbé síkútà tara ẹni wọ ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì TfL, iléeṣẹ́ ìrìnnà ìlú London, mọ́, nítorí bátìrì tó ń gbiná.

Àǹtí Ìsánlú, Toronto

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin èèyàn mi. Fún àwa tó wà ní Ontario: láti oṣù kìíní ọdún 2020 ni wọ́n ti ń dán an wò. Kìlómítà 24 ní wákàtí kan, wáàtì 500, kò gbọdọ̀ wúwo ju kìlógíráàmù 45 lọ, ẹni tó bá sì ti pé ọdún 16 ló lè gùn ún. Ṣùgbọ́n ìlú kọ̀ọ̀kan ló máa pinnu bóyá òun fẹ́. Ottawa gbà á, ìgbìmọ̀ ìlú Toronto ní tiwọn dìbò lọ́dún 2021 pé àwọn ò fẹ́. Ẹ bèèrè lọ́dọ̀ ìlú yín kí ẹ tó náwó.

Ọ̀rọ̀ iná tí Bàbá sọ yẹn ló ká mi lára jù. Ẹ̀yin tó ń gbé fúláàtì, ẹ má ṣe ṣájì síkútà sẹ́nu ọ̀nà tẹ́ ẹ máa sá gbà jáde. Ẹ má ṣe ṣájì í kẹ́ ẹ sì lọ sùn. Ẹ má sì ra ṣájà àràmàǹdà tó pọ́ọ́kú. Àwọn ọmọdé wà nínú ilé wa o.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, Houston

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún ti Àǹtí. Ẹ wá àmì UL 2272, ìyẹn àmì ìdánwò ààbò bátìrì àti iná rẹ̀, lára síkútà. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, wọn ò gbà kí wọ́n ta èyí tí kò bá ní ìwé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ní ìlú New York.

Bọ̀dá Ògìdì, ohun tẹ́ ẹ sọ pé wọ́n ń fi bátìrì tan èèyàn yẹn, ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹni tó tà á fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ 28 Ah sí i. Mo ra mítà kékeré tí wọ́n ń ki bọ ojú iná ògiri, tí wọ́n á wá ki ṣájà bọ inú rẹ̀. Mo lo bátìrì náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo wá ṣájì í kún. Bátìrì 1,680 Wh yẹ kó gba nǹkan bíi 1,900 lójú iná, torí ṣájà náà ń jẹ díẹ̀ dànù. 1,300 péré ló gbà. Mo ya fọ́tò mítà, mo fi ránṣẹ́ sí i, ó dá mi lówó padà. Mítà yẹn ò wọ́n rárá, ẹ ra á.

Bọ̀dá Ògìdì

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, o ṣeun gan-an, mi ò ronú kan mítà yẹn rí. Màá bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń bọ̀.

Wàyí o, bó ṣe máa délé. Kò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú, àbúrò. Bátìrì tó bá ti ju 160 Wh lọ, ọkọ̀ òfuurufú èrò kì í gbé e, ì báà jẹ́ ẹrù ọwọ́ tàbí ti abẹ́. Tèmi ju ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú omi ló kù, o sì gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé bátìrì lithium wà níbẹ̀. UN 3171 ni nọ́ńbà ẹrù eléwu tí wọ́n ń kọ tẹ́lẹ̀ fún irú síkútà bẹ́ẹ̀, UN 3556 ni wọ́n ti sọ ọ́ dà báyìí. Gba ìwé ìdánwò bátìrì, UN 38.3, lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kó o fi aṣọ bò ó nínú páálí. Ẹrù ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà nínú kọ̀ńténà kan náà, tí iná bá sọ lójú omi, ẹ̀mí àwọn atukọ̀ ló wà nínú ewu. Kó tó wọ kọ̀ńténà, lò ó títí bátìrì á fi wálẹ̀ sí bí ìdá kan nínú mẹ́ta, má gbé e ní kíkún.

Tó bá ti dé Kàbà, àbúrò rẹ máa nílò nǹkan díẹ̀. Fọkanáísà ibẹ̀ mọ táyà ọ̀kadà dáadáa, ṣùgbọ́n rímù síkútà yìí méjì ni wọ́n fi bóòtì dè pọ̀, sípánà onígun mẹ́fà ni wọ́n fi ń tú u. Fi odindi sẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, àti táyà méjì, bíréékì páàdì, àti oje tí wọ́n ń dà sínú táyà kó lè dí ojú ihò fúnra rẹ̀, torí ẹ̀gún. Akoto tó bo àgbọ̀n ni kó o rà fún un, ti alùpùpù gan-an.

IPX5 tó wà lára tèmi túmọ̀ sí pé omi tó ń ta sí i kò ní ṣe é ní nǹkan. Kò túmọ̀ sí pé kí n gbà á la odò kékeré kọjá. Lásìkò òjò, tí omi bá ti bo ojú ọ̀nà, mo máa ń dúró ni. Lásìkò ọyẹ́, eruku pupa ló máa ń wọ gbogbo ibi tó ń yí, búrọ́ọ̀ṣì àti aṣọ gbígbẹ ni mo fi ń nù ún, mi ò kì í da omi sí i.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún ẹni tó máa gùn ún ní Kàbà. Ọ̀nà kọnkéré kìlómítà 43 tó ti Ọ̀bàjánà wá sí Kàbà dán, á máa wu èèyàn láti tẹ̀ ẹ́ lórí rẹ̀. Sọ fún un kó má gbabẹ̀. Tírélà sìmẹ́ńtì ló ń ná ọ̀nà yẹn tọ̀sántòru, tí ọ̀kan bá ré ọ kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ nìkan á ti síkútà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá dúró sórí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kò ní ibi tó máa dì mú. Àárín ìlú àti ọ̀nà abúlé ni kó fi mọ.

Ọmọ Kàbà, Manchester

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Bàbá, mo ti gbọ́, mi ò ní ra ti ìlú ọba mọ́, ti ilé nìkan ni màá rà. Ṣùgbọ́n báwo ni àbúrò mi ṣe máa ṣájì í? Ẹ mọ bí NEPA ṣe rí ní Kàbà.

Bọ̀dá Ògìdì

Sólà ni mo fi ń ṣájì tèmi. Wo ṣájà kó o tó rà á. Ṣájà tó ń gbé ampere 2, fóòtì 67.2, nǹkan bíi wáàtì 135 ló ń fún bátìrì, ínfátà kékeré á gbé e, àmọ́ bátìrì 1,680 Wh á gbà tó wákàtí 13. Èyí tó ń gbé ampere 5 á parí rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà, ṣùgbọ́n á fa bíi wáàtì 380 lára ínfátà. Tó bá jẹ́ pé sólà ilé yín kéré, ti ampere 2 ni kó lò, kó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí oòrùn bá ti yọ, kó sì fi èyí tó kù di ọjọ́ kejì. Tí kì í bá ṣe ọ̀nà jíjìn ló ń lọ, kò pọn dandan kó kún, bátìrì á pẹ́ sí i tí kò bá máa kún dẹ́nu lójoojúmọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni kó má lò: iná rẹ̀ kì í dúró lójú kan, ó lè ba ṣájà jẹ́.

Fi orúkọ síkútà tó o bá rí, fóòtì rẹ̀, Ah rẹ̀, àti fọ́tò ẹ̀yìn bátìrì ránṣẹ́ sí mi kó o tó sanwó. Tí wọn ò bá lè sọ ẹni tó ṣe bátìrì inú rẹ̀ fún ọ, wá ibòmíràn. Ṣájà náà, méjì ni kó o rà, torí kò sí ìgbà tí wàá rí irú rẹ̀ rà ní ọjà Kàbà.