Àwọn ará Fílípìnì ń gbin ìrẹsì, kí ló dé tí ìrẹsì ò fi tó wọn jẹ?

ÌyáÌrẹsì_Mushin:
Ẹ kú ọjà o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ bá mi dá sí i. Ọjà Daleko ni mo ti ń ta ìrẹsì, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, gbogbo ìgbà tí ọjà bá ti wọ́n, ohun tá a máa ń gbọ́ ni pé India ti ti ilẹ̀kùn, Thailand ti fowó lé e, dọ́là ti gòkè. Ní July 2023 tí India ní ìrẹsì funfun tí kì í ṣe basmati ò gbọdọ̀ jáde lọ́dọ̀ àwọn mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn kiri, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé Fílípìnì ló ń ra ìrẹsì jù ní gbogbo ayé nígbà náà, èyí tí wọ́n kó wọlé ní 2024 nìkan ju mílíọ̀nù 4 tọ́ọ̀nù lọ, Vietnam ni wọ́n sì ti ra èyí tó pọ̀ jù.

Ohun tí ò yé mi nìyí. Kì í ṣe pé wọn ò gbìn ín o. Àwọn òkè kan wà ní Ifugao tí àwọn baba ńlá wọn fọwọ́ gé ní ìpele ìpele láti máa gbin ìrẹsì sí, UNESCO ti kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá ayé láti 1995. Ilé ìwádìí ìrẹsì tó lókìkí jù, IRRI, ìlú Los Baños lọ́dọ̀ wọn ló wà láti 1960, ibẹ̀ ni irúgbìn IR8 ti jáde ní 1966 tó sọ ìkórè di púpọ̀ káàkiri Asia. Báwo wá ni ẹni tí gbogbo ayé ń wá kọ́ ẹ̀kọ́ ìrẹsì lọ́dọ̀ ẹ̀ ṣe ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ ẹlòmíì? Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ jù ni, àbí àgbẹ̀ wọn ló ya ọ̀lẹ, àbí ìjọba wọn ni? Mo ń béèrè torí pé mo ń wo àwọn oníbàárà mi, àwọn ọmọ Èkó ìsinsìnyí ò fẹ́ rí ẹ̀bà sójú mọ́, ìrẹsì ni ṣáá.

Atukọ̀_Àpápá:
Ẹ kú iṣẹ́ màmá. Mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi fún ọdún gbọọrọ, àwọn ló máa ń pọ̀ jù nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ìrẹsì tiwọn kì í ṣe bíi tiwa rárá. Àwa lè mu ògì àti àkàrà láàárọ̀, ká jẹ ìrẹsì lọ́sàn-án, ká fi àmàlà sùn. Tiwọn, àárọ̀ ìrẹsì, ọ̀sán ìrẹsì, alẹ́ ìrẹsì. Èyí tó bá kù lálẹ́ ni wọ́n máa fi aáyù dín láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á fi ẹyin tàbí ẹja gbígbẹ tì í, sinangag lorúkọ ẹ̀, ó dùn gan-an mi ò ní parọ́. Tí kúùkù bá se sìpàgẹ́tì wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á wá béèrè pé ìrẹsì dà. Àwọn ilé oúnjẹ kan tiẹ̀ wà nílùú wọn tó jẹ́ pé tó o bá ti ra ẹran, ìrẹsì ò níye, ẹ máa bù ú lọ títí ẹ máa fi yó. Ní 2017 sẹ́nétọ̀ kan, Cynthia Villar, sọ pé ó yẹ kí wọ́n fòpin sí i nítorí àtọ̀gbẹ, háà, ariwo ta, ó sáré sọ pé òun ò ní ṣòfin kankan lórí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé wọ̀bìà ni o. Ẹni tí ò rí já jẹ ló ń jẹ ìrẹsì jù níbẹ̀. Ẹran wọ́n, ẹja wọ́n, ìrẹsì ló ń dí ikùn, ẹ̀yìn ìyẹn iyọ̀ tàbí ẹja gbígbẹ díẹ̀ ló kù. Ẹnì kan wà tá a jọ ń ṣiṣẹ́ tó wá láti Leyte, ibẹ̀ gan-an ni ìjì Haiyan ti jà ní November 2013, òun sọ fún mi pé nígbà tí ìlà ìrànwọ́ bẹ̀rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ìyá òun ń béèrè ni ìrẹsì, pé téèyàn bá ti ní ìrẹsì, ó ti jẹun nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ ìbò lọ́hùn-ún á fi sọ̀rọ̀ ìrẹsì. Ní 2022, Marcos tó ń du ipò ààrẹ ṣèlérí pé òun máa jẹ́ kí kìló kan di pésò 20 (owó tiwọn nìyẹn), nígbà tí ọjà ń tà á ní nǹkan bíi ìlọ́po méjì ẹ̀. Ó wọlé tán, ó fi ara ẹ̀ ṣe mínísítà iṣẹ́ àgbẹ̀ pàápàá, nígbà tó fi máa di September 2023 ó fòfin de iye tí wọ́n lè tà á, pésò 41 fún èyí tí wọ́n bó lásán, 45 fún èyí tí wọ́n bó dáadáa. Lẹ́yìn oṣù kan péré ni wọ́n gbé òfin yẹn kúrò.

PádìBoy_Ìkòròdú:
Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ kúrò níbẹ̀. Ìrẹsì pádì, èyí tí wọn ò tíì bó, ni mo ń rà tí mo ń tà, mo sì ti ka ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yìí dáadáa torí ó kan iṣẹ́ mi.

Àkọ́kọ́, ilẹ̀. Vietnam ní odò Mekong, Thailand ní Chao Phraya, odò ńlá tó tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ sílẹ̀ tí omi ń wọ̀ ọ́ fúnra ẹ̀, wọ́n lè kórè lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún. Fílípìnì jẹ́ erékùṣù tó lé ní 7,000, òkè pọ̀, odò kúkúrú, ilẹ̀ tó tẹ́jú dáadáa ò pọ̀, Central Luzon ni àpò ìrẹsì wọn wà, níbi bíi Nueva Ecija. Èèyàn wọn sì ti lé ní mílíọ̀nù 110. Lẹ́yìn náà, ìjì. Nǹkan bíi 20 ìjì líle ló ń wọ agbègbè wọn lọ́dọọdún, ó sì máa ń bọ́ sí ìgbà tí ìrẹsì ti ń pọ́n lóko. Ìjì kan ṣoṣo lè tẹ́ gbogbo ẹ̀ sínú omi.

Èyí tó ń dùn mí jù ni lẹ́yìn ìkórè, torí ohun tójú èmi náà ń rí nìyẹn. Àgbẹ̀ tó ní bíi éékà méjì kórè nígbà òjò, pádì ń rin gbindin, kò ní ẹ̀rọ tó ń gbẹ ẹ́, ó kó o sórí títì kóńkéré tàbí pápá bọ́ọ̀lù agbọ̀n láti sá a, mọ́tò ń tẹ̀ ẹ́, òjò dé, ó kó o, ó tún tú u. Alágbàtà tó yá a lówó ajílẹ̀ ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, èlé ń gun orí èlé, ó máa tà á ní tútù ní iye tí alágbàtà bá sọ. Ẹ wá rò ó, tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ kí ìrẹsì pọ̀, tí ẹni tó gbìn ín ń tà á ní àdánù, ṣé ọmọ ẹ̀ á gbìn ín ni? Ọmọ ẹ̀ máa wọkọ̀ ojú omi bíi ti ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n wa yẹn ni. Owó tó ń ná wọn láti gbin kìló kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Vietnam. Iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ kéré, ajílẹ̀ wọ́n, wọ́n á tún fi ọkọ̀ ojú omi gbé e láti erékùṣù kan sí òmíì.

IRRI tẹ́ ẹ sọ yẹn, irúgbìn ló ń ṣe, ó ṣe é dáadáa. Ní 1973 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Masagana 99, wọ́n fún àgbẹ̀ ní irúgbìn tuntun pẹ̀lú owó yíyá, ó sì ṣiṣẹ́ débi pé wọ́n ta ìrẹsì síta ní ìparí àwọn ọdún 1970. Gbèsè tí àgbẹ̀ ò rí san ló pa á. Irúgbìn ò lè gbẹ pádì, irúgbìn ò lè ṣe títì.

Àǹtí_Kétárà_Sùúrùlérè:
Ẹ kú àlàyé o. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí jíjẹ yẹn torí mo mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ báyìí máa ń já sí, gbàrà tí oúnjẹ bá ti wọ́n, wọ́n á ní kí mẹ̀kúnnù dín jíjẹ kù. Ní 2008 tí ìrẹsì wọ́n ní gbogbo ayé, ìjọba wọn rọ àwọn ilé oúnjẹ pé kí wọ́n máa ta ààbọ̀ kọ́ọ̀bù ìrẹsì. Ààbọ̀! Fún ẹni tó jẹ́ pé ìrẹsì nìkan ló lágbára láti rà!

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ìdí tí èèyàn fi ń jẹ ìrẹsì. Obìnrin tó ń gbé Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti wà lórí títì, alẹ́ ló ń wọlé padà. Kí ló fẹ́ sè fún àwọn ọmọ kó tó jáde? Ẹ̀bà tí wọ́n tẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́ ní ọ̀sán? Ìrẹsì ló ń dúró nínú kúlà, òun ló ń wọ abọ́ iléèwé, èèyàn 300 lè jẹ ẹ́ lóde láìsí wàhálà, iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń rojọ́ fún wa nípa isu nígbà tí isu kan wọ́n ju kóńgò ìrẹsì kan lọ. Ní Fílípìnì náà, àgbàdo ni wọ́n ń jẹ ní apá Cebu látijọ́, wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ bí ìrẹsì, kàmótè (ọ̀dùnkún ni) náà wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ di oúnjẹ òtòṣì, ìrẹsì funfun sì di oúnjẹ ẹni tó rọ́wọ́ mú. Ìjọba gan-an ló fi ìrẹsì ṣe gbogbo ètò ẹ̀, owó ìrànwọ́ ìrẹsì, sítọ́ọ̀ ìrẹsì, ìdìbò ìrẹsì. Àgbàdo ò rí irú ojú yẹn. Nítorí náà kò sí ẹ̀bi lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́.

ÒkèÀrín_Import:
Àǹtí ẹ sọ ọ́ re. Ẹ jẹ́ n fi ti ẹ̀yìn ọjà kún un.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àjọ ìjọba wọn kan tí wọ́n ń pè ní NFA ló ní àṣẹ lórí ìrẹsì tó ń wọlé, òun ló ń ra ti àgbẹ̀, òun ló ń ta olówó pọ́ọ́kú fún mẹ̀kúnnù. Ó dára lórí bébà. Ní 2008 ìrẹsì Thailand gun orí $1,000 fún tọ́ọ̀nù kan, India àti Vietnam ti dín títà síta kù, NFA wá ń rà bí ẹni tí iná ń jó, ìbẹ̀rù tiwọn gan-an tún gbé owó ọjà ayé sókè. Èèyàn ń tò fún ìrẹsì ìjọba. Ní 2018, ẹ̀wẹ̀, sítọ́ọ̀ NFA gbẹ, èyí tí wọ́n kó dé kòkòrò ti wọ̀ ọ́, ọ̀wọ́n gógó ọjà wọn dé 6.7% kí ọdún yẹn tó parí. Ibi tí òfin tuntun ti wá nìyẹn, February 2019, ẹnikẹ́ni tó bá san owó ibodè 35% fún ìrẹsì tó wá láti àwọn orílẹ̀-èdè àdúgbò wọn lè kó o wọlé. Owó tó bá wọlé, pésò bílíọ̀nù 10 lọ́dún, wọ́n ní kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ àti irúgbìn fún àgbẹ̀, ní December 2024 wọ́n sọ ọ́ di bílíọ̀nù 30.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìrẹsì Vietnam ya wọlé, iye tí wọ́n ń ra pádì lọ́wọ́ àgbẹ̀ já lulẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an, èèyàn ìlú ò sì rí i kí owó já tó bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Àárín ni owó náà há sí. Ní 2024 wọ́n tún dín owó ibodè náà sí 15%. Mo mọ̀ pé àwa tó ń kó ọjà wọlé máa ń sọ pé tí owó ibodè bá dínkù ọjà á dínkù, ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí àwọn díẹ̀ bá di ọ̀nà mú, tí wéyàhọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ wọn, kò ní kan ẹni tó ń ra kóńgò kan.

ÌyáÌrẹsì_Mushin:
Ẹ ṣeun gbogbo yín, Ọlọ́run á bù kún yín. Ó ti ń yé mi. Ṣùgbọ́n pádìboy ọmọ mi, ṣé kí wọ́n kúkú ti ibodè pa ni, kí àgbẹ̀ lè rówó?

PádìBoy_Ìkòròdú:
Màmá, wọ́n ṣe é o. September 1, 2025 ni wọ́n dá kíkó ìrẹsì wọlé dúró fún ọjọ́ 60, nígbà tó yá wọ́n fà á dé ìparí ọdún, torí owó pádì ti já ju bó ṣe yẹ lọ nígbà ìkórè. Mo fara mọ́ ọn pé kí wọ́n gba àgbẹ̀ sílẹ̀ nígbà ìkórè. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà wà ní Daleko ní August 2019 nígbà tí ìjọba tiwa ti ibodè Seme àti àwọn yòókù, títí di December 2020. Ẹ rí bí àpò ṣe gbówó lórí. Àwọn àgbẹ̀ kan rówó lóòótọ́, èmi náà rí i, ṣùgbọ́n mílì tó lè bó gbogbo pádì yẹn kò sí, títì tó máa gbé e láti Kebbi wá sí Èkó kò dára, ìrẹsì fàyàwọ́ sì ń gba inú igbó wọlé. Àwa ní mílì ńlá ní Ìmọ́ta báyìí, tí wọ́n ṣí ní January 2023, tó lè lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan, àmọ́ ọ̀nà jíjìn ni pádì tó pọ̀ ti ń wá síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ní owó tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo ètò ìrẹsì pésò 20 tí Marcos ṣèlérí yẹn, ẹ̀rọ ìgbẹpádì ni mo máa rà sí abúlé abúlé kí ìkórè tó dé, àti sítọ́ọ̀ tí àgbẹ̀ lè kó pádì sí kó gba owó díẹ̀ mú lọ́wọ́, kó má baà tà á ní tútù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kó Ọ̀fàdà wá fún yín láti Ògùn, wọ́n á sọ ohun kan náà fún yín, oòrùn ni wọ́n ń retí.

Àǹtí_Kétárà_Sùúrùlérè:
Òótọ́ ni o. Ọ̀fàdà tí wọn ò gbẹ dáadáa ló máa ń ní òórùn burúkú yẹn, àwọn oníbàárà mi ti dá a padà rí. Ẹ fi nọ́mbà ẹni tó ń gbẹ tiẹ̀ dáadáa ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀ ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ra àpò díẹ̀ fún òde tó ń bọ̀.