Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, sìgá ọkọ mi ti sú mi

Ìyá Ṣadé: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mi ò fojú ba oorun lánàá. Nígbà tí Bàbá Ṣadé ń fẹ́ mi, ó ní bí a bá ti ṣègbéyàwó, òun ò ní mu sìgá mọ́. Ọdún kẹsàn-án rèé. Àga tí mo fi owó àjọ rà, ó ti fi iná sìgá lu ú ní ojú mẹ́ta. Kọ́tìnì ń rùn, ìrọ̀rí ń rùn, irun ọmọ mi pàápàá ń rùn. Bó bá fẹ́ wọlé, á ju súwíìtì minti sẹ́nu, bí ẹni pé mi ò nímú. Mo fẹjọ́ sun ìyá rẹ̀, màmá ní bàbá ọkọ àwọn mu ìkòkò tábà títí ó fi lé ní 80 ọdún. Ṣé kí n kó ẹrù mi ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ má kó ẹrù kankan. Àdúrà ni. Ọtí ni tèmi ń mu, ọdún 6 ni mo fi gbààwẹ̀ lé e lórí kó tó fi í sílẹ̀.

Alàgbà Kọ́lá: Ẹ rí i pé ó ń mu ún kí ẹ tó fẹ́ ẹ. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé amusìgá lè kú ní rèwerèwe. Ẹni tó kà á tó tún ṣáná sí i, kí lẹ fẹ́ sọ fún un?

Tọ́pẹ́ Awakọ̀: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ọdún 14 lèmi fi mu ún, mo sì mọ̀wé. Nikotín, èròjà inú rẹ̀ tó ń di bárakú síni lára, kì í pẹ́ dé ọpọlọ rárá. Bí kò bá sì sí níbẹ̀, inú á máa bí ọ sí ọmọ tí kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fi í sílẹ̀ tí mo tún padà. Ìgbà karùn-ún, mo yí ọ̀nà tí mo ń gbà lọ sí gáréèjì padà, torí ìsọ̀ tí mo ti ń rà á.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Ìyá Ṣadé, ṣé ó ń wúkọ́? Ó ti tó ìgbà wo?

Ìyá Ṣadé: Alàgbà, ó ṣèlérí fún mi ni. Àga yẹn, oṣù 10 ni mo fi dá àjọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Mi ò bèèrè àga. Ikọ́ ni mo bèèrè.

Ìyá Ṣadé: Ó ń wúkọ́ láàárọ̀. Ó ti lé lóṣù kan. Ṣadé náà ní ásímà, àyà rẹ̀ máa ń dún bó bá sùn.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Háà! Ikọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ 2, kó lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò nílé ìwòsàn ìjọba. Sìgá máa ń jẹ́ kí ikọ́ ife tètè ráyè wọlé síni lára, ọ̀fẹ́ sì ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀. Èéfín náà ló ń ru ásímà ọmọ sókè. Ṣíṣí fèrèsé kò tó. Kò tíì pẹ́ jù fún un o. Bó bá fi pé ọdún kan láìmu ún, ewu àrùn ọkàn tó wà lórí rẹ̀ á wálẹ̀ sí bí ìdajì.

Tọ́pẹ́ Awakọ̀: Ẹ̀gbọ́n, níbo ló ti ń rà á?

Alàgbà Kọ́lá: Ẹ dáhùn.

Ìyá Ṣadé: Lọ́wọ́ mi. Mo ń tà á nínú ṣọ́ọ̀bù mi níwájú ilé, ní ẹyọ ẹyọ. Bó bá jí, á mú tiẹ̀, èmi á kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè. Ìwé náà ló wà níwájú mi yìí: ẹyọ 214 lóṣù tó kọjá. Òun ló ń yá jù nínú ọjà mi, ibẹ̀ ni owó iléèwé Ṣadé ti ń jáde.

Alàgbà Kọ́lá: Ẹ tún wá ń sunkún! Láti ọdún 2015 ni òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má ta sìgá ní ẹyọ ẹyọ.

Ìyá Ìbejì: Alàgbà, ó tó. Ó ti sọ òótọ́, ẹ jẹ́ kó mí.

Tọ́pẹ́ Awakọ̀: Ẹ fi ẹyin àti ìrẹsì dípò rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà Bàbá Ṣadé níkọ̀kọ̀, èmi á bá wọn sọ̀rọ̀. Mi ò ní bú wọn.

Ìyá Ṣadé: Ó ti jí, mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo ti kó páálí náà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ọ̀sì, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹn, ṣé kó tó jẹun ni?

Nọ́ọ̀sì Bísí: Bẹ́ẹ̀ ni. Kó fi omi yọ ẹnu, kó wú u láti inú àyà, kó má jẹ́ itọ́. Ẹ mú Ṣadé dání.