Ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ báìkì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń wúkọ́

Báìkì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin méjì ni mo fi ń jẹun létíkun ní Lẹ́kí. Àwọn tó bá wá gbafẹ́ ló ń háyà wọn láti gùn lórí yanrìn. Ẹ́ńjìnì 125cc ni, ti ilẹ̀ Ṣáínà, sílíńdà kan, kábúrétọ̀ kan (ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀). Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi lópin ọdún 2023, díẹ̀ ló kù kó gba oúnjẹ ọdún lẹ́nu àwọn ọmọ mi.

Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, bẹntiróòlù fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà dé òkè 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òjò náà ti bẹ̀rẹ̀, etíkun ti dá páropáro. Mo gbé báìkì méjèèjì wọ ṣọ́ọ̀bù, mo fi tàpólì bò wọ́n. Epo ṣì wà nínú táǹkì èyí pupa, ó tó ìlàjì, ọkàn mi ò sì gbà á láti dà á nù pẹ̀lú iye tó ti dà. Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn títí di oṣù Kọkànlá.

Èyí dúdú jí lọ́jọ́ tí mo gbé wọn jáde, kò yọ mí lẹ́nu. Èyí pupa, tí àwọn oníbàárà fẹ́ràn jù, ni wàhálà. Ó ń jí lóòótọ́, àmọ́ kì í mú síló, ìyẹn ni pé kì í lè dún jẹ́jẹ́ lójú kan láìfún un lépo. Bí mo bá ti jáwọ́ lára tótù, ibi tí mo ti ń fún un lépo, ó kú nìyẹn. Bí mo bá fún un ní rééṣì, á wúkọ́, á wúkọ́, á máa já mi gbà síwá-sẹ́yìn kó tó gba agbára. Àfi kí n fa ṣọ́ọ̀kì, èyí tí wọ́n máa ń fà kí ẹ́ńjìnì tó tutù lè jí. Bí mo bá ti fa ṣọ́ọ̀kì, á máa dún jẹ́jẹ́. Bí mo bá dá a padà, ó tún di ikọ́.

Mo pe mẹkáníìkì kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe. Ó ní púlọ́ọ̀gì ni, a pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó ní kọ́ọ̀lì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná ni, a pààrọ̀ kọ́ọ̀lì. Nígbà tó sú u, ó ní ẹ́ńjìnì ò rí èémí mí, ó tú fílítà afẹ́fẹ́ kúrò, ó ní kí n máa gùn ún bẹ́ẹ̀. Ṣe ni ikọ́ náà le sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo báìkì lórí yanrìn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe èyí fún yín láé. Yanrìn tó bá wọ inú sílíńdà á lọ ríìnì (òrùka irin inú rẹ̀) àti ògiri rẹ̀ bí ọlọ ṣe ń lọ ata, ọ̀rọ̀ á sì di ti ẹ́ńjìnì tuntun. Ọjọ́ kejì ni mo dá fílítà náà padà.

Bàbá kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ládùúgbò wa ló là mí lójú. Mo kí wọn, mo ṣàlàyé. Wọn ò tiẹ̀ dìde lórí àga. Wọ́n ní, "Ṣé tó bá ti gbóná tán, ó ṣì ń bèèrè ṣọ́ọ̀kì?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Wọ́n ní, "Ebi epo ló ń pa á, àbí kó máa fa afẹ́fẹ́ gba ibi tí kò yẹ. Lọ wo ẹnu púlọ́ọ̀gì tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà yẹn."

Mo tú u. Ẹnu rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ká ní epo ló pọ̀ jù ni, dúdú ni ì bá dú bí ìdí ìkòkò. Èyí tó bá ń jó dáadáa máa ń ní àwọ̀ bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Bàbá yé mi. Ṣọ́ọ̀kì ń dín afẹ́fẹ́ kù ni, kí epo lè borí. Bí ẹ́ńjìnì tó ti gbóná bá ń gbádùn ìyẹn, a jẹ́ pé epo kò tó o. Ká ní ṣọ́ọ̀kì ló ń mú un burú sí i ni, fílítà tó dí ni ǹ bá kọ́kọ́ wò.

Mo ti ẹnu epo pa, mo tú súkúrú ìdí kábúrétọ̀, mo gbé ìgò sí i lábẹ́. Òórùn fáńnììṣì ló kọ́kọ́ kọlù mí. Nísàlẹ̀ ìgò, omi ń yí gbirigbiri lábẹ́ epo bí ìrì lórí ewé kókò. Nínú kábúrétọ̀ fúnra rẹ̀, nǹkan kan tó ní àwọ̀ oyin ti lẹ̀ mọ́ ọn bíi gọ́ọ̀mù. Jẹ́ẹ̀tì méjì, ihò tí epo ń gbà kọjá, ló wà níbẹ̀. Èyí ńlá mọ́. Èyí kékeré, tó ń bọ́ ẹ́ńjìnì nígbà tó bá wà ní síló, ihò rẹ̀ kò tó ẹnu abẹ́rẹ́. Mo gbé e sókè sí oòrùn, mo di ojú kan: òkùnkùn biribiri. Mo rẹ ẹ́ sínú oògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán. Mo fa ẹyọ okùn kan yọ nínú wáyà bàbà, mo fi í tọ́ ọ pẹ̀lẹ́, nítorí irin líle máa ń fẹ ihò náà lójú. Mo wá gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Nígbà tí mo tún gbé e sókè, oòrùn yọ sí mi nínú rẹ̀, róbótó. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi wá wò ó.

Epo tuntun wọlé, ó mú síló. Àmọ́ síló náà ń lọ sókè, ń lọ sódò, ikọ́ náà kò sì tán pátápátá. Mo rántí pé ọ̀nà méjì ni Bàbá sọ. Mo po omi ọṣẹ sínú ìgò tí ìyàwó mi fi ń fọ́n omi sórí irun, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa dún, mo wá ń fọ́n ọn yí rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì ká. Mo fọ́n òkè, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò ṣe nǹkan kan. Mo fọ́n ìsàlẹ̀, níbi tí ojú kì í dé, ó fa omi náà mu fíì, ohùn ẹ́ńjìnì sì yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo tú rọ́bà náà. Bí ẹ bá kàn wò ó lásán, ẹ ò ní rí nǹkan. Ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ ló la ẹnu, ó gùn tó èékánná. Owó rọ́bà tuntun kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó kọ́ọ̀lì tí mo rà lásán.

Mo yẹ tápẹ́ẹ̀tì, àlàfo tó wà lórí fáàfù ẹ́ńjìnì, wò kí n tó pa á dé. Ìwé tó bá a wá ní 0.05 mm, tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Ibẹ̀ náà ló wà.

Ti ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ wà létíkun tún yàtọ̀. Tiwọn á sáré dáadáa fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á kú. Tó bá sinmi, á tún jí. Lọ́jọ́ kan tó kú, mo ní kí wọ́n ṣí ìdérí táǹkì. Ó fa afẹ́fẹ́ ṣíìì bí ẹni tó ti ń wá èémí tipẹ́. Iyọ̀ òkun àti yanrìn ti dí ihò èémí orí ìdérí náà, epo kò wá lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ la fi tọ́ ọ.

Ní báyìí, tí mo bá mọ̀ pé báìkì kò ní ṣiṣẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì, mo máa ń ti ẹnu epo pa, kó mu ìwọ̀nba tó kù nínú kábúrétọ̀ tán títí á fi kú fúnra rẹ̀. Èyí pupa gbé oníbàárà láti ọjọ́ Kérésìmesì wọ ọdún tuntun, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Èyí dúdú ló wá ń yìnbọn lẹ́nu sàlẹ́ńsà báyìí tí mo bá jáwọ́ lára tótù lójijì. Mo fura sí ibi tí sàlẹ́ńsà ti so mọ́ ẹ́ńjìnì, ọ̀la ni mo fẹ́ tú u.