Lórí "ìgbàwé-àṣẹ ìdídò": "gba" yẹn ni mi ò fara mọ́

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ka àbá ẹ̀gbọ́n wa, pé ká máa pe gbogbo ètò tí ilé-iṣẹ́ kan máa là kọjá kó tó lè fi omi odò ṣe iná mànàmáná ní "ìgbàwé-àṣẹ ìdídò", mo sì rí èsì àǹtí wa tó ní ká gé e kúrú sí "ìgbàṣẹ". Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ má bínú, ó dùn létí lóòótọ́, àmọ́ "gba" yẹn gan-an ni mi ò fara mọ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti àǹtí kúrò nílẹ̀. "Ìgbàṣẹ" dáa nínú ìwé tó ní àmì, àmọ́ ṣé ẹ mọ bí àwa fúnra wa ṣe ń tẹ nǹkan lórí fóònù, kò sí àmì ohùn, kò sí nǹkan kan. Ẹni tó bá rí "igbase" á rò pé ẹnì kan lọ gbaṣẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ a sì ti ní agbaṣẹ́ṣe tẹ́lẹ̀, òun lẹni tó máa wá da kọnkéré, ọ̀rọ̀ ẹ̀ yàtọ̀ sí tẹni tó lọ jókòó síwájú àjọ ìjọba.

Ó wá ku "gba". Tí Yorùbá bá ní o gba nǹkan, ó ti dọ́wọ́ ẹ nìyẹn. Ètò tí à ń wí yìí, béèrè ni wọ́n ń béèrè, wọ́n sì lè ní rárá. Ẹ wo dáàmù Edwards lórí odò Kennebec, nílùú Augusta ní ìpínlẹ̀ Maine, l'Amẹ́ríkà. Láti 1837 ni wọ́n ti sé odò yẹn. Lọ́hùn-ún, FERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ wọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, ló ń fúnni níwèé àṣẹ, ọdún 30 sí 50 nìwé ọ̀hún sì máa ń lò, tó bá ti ku ọdún 5 ààbọ̀ sí ọdún 5 kó parí, ẹni tó ni dáàmù gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé sọ bóyá òun ṣì fẹ́ ẹ, tó bá sì fi máa ku ọdún 2, kó ti kó gbogbo fáìlì ẹ̀ sílẹ̀, láàárín ìgbà yẹn àwọn tó ń rí sọ́rọ̀ ẹja á sọ tiwọn, àwọn ẹ̀yà tó nilẹ̀ káwọn òyìnbó tó dé á sọ tiwọn, ìpínlẹ̀ náà á ní láti jẹ́rìí sí i pé omi ò ní bàjẹ́. Àwọn tó ni Edwards náà béèrè. Ní 1997 FERC ní rárá, ẹ lọ wó o, torí iná tó ń mú wá ò ju mẹ́gáwáàtì 3.5 lọ, bẹ́ẹ̀ ó ń dínà mọ́ ẹja tó ń ti òkun gòkè wá yé ẹyin. Ọjọ́ 1 oṣù Keje 1999 ni wọ́n là á, omi sì gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ wá fi àbá ẹ̀gbọ́n wa sọ ìtàn yìí: "ilé-iṣẹ́ náà ṣe ìgbàwé-àṣẹ, wọn ò sì rí ìwé àṣẹ gbà." Gbólóhùn kí nìyẹn?

Ìdí tí mo fi ní ká lo "tọrọ" nìyẹn. Ìtọrọ-ìyọ̀ǹda. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní alágbe ló ń tọrọ, pé ilé-iṣẹ́ olówó ńlá kì í tọrọ. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? A ń tọrọ àyè, a ń tọrọ gáfárà, olówó gan-an ń tọrọ ìyàwó, gbogbo ìwádìí tí ìdílé ọmọbìnrin máa ń ṣe kí wọ́n tó dáhùn, nǹkan tí àjọ yẹn ń fi ọdún márùn-ún ṣe náà nìyẹn. Ìwé tí wọ́n bá fún ilé-iṣẹ́ náà lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, kó máa jẹ́ ìwé àṣẹ lọ, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ti mọ́ wa lẹ́nu, mi ò ní bá yín jà lórí ìyẹn.

Àmọ́ nílé wa níbí, àṣẹ wo? Torí kì í ṣe ìwé kan ṣoṣo. Èyí tí NERC, àjọ tó ń bójú tó iná mànàmáná ní Nàìjíríà, ń fúnni, àṣẹ láti ṣe iná ni (tí ò bá ju mẹ́gáwáàtì 1 lọ, o ò tiẹ̀ nílò ẹ̀), kò sọ pé kóo lọ sé odò ẹnikẹ́ni. Ti omi wà lọ́wọ́ àjọ míì, NIWRMC. Ti àyíká wà lábẹ́ òfin 1992, níbi tí wọ́n ti ń gbé àbọ̀ ìwádìí lórí ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe sí àyíká síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ará ìlú lè kà á, ìwé gbàǹgbà lédè òyìnbó lórí tábìlì ní ọ́fíìsì kánsù, kí bàbá apẹja wá ṣí i wò! Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wa ti wúlò jù. Ẹ sì rántí pé láti ìgbà tí òfin iná mànàmáná ti 2023 ti jáde, àwọn ìpínlẹ̀ náà ti lè máa bójú tó iná tiwọn, Èkìtì àti Oǹdó ti bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ ará Adó tàbí Àkúrẹ́ ló máa tẹ fọ́ọ̀mù ọ̀la. Tí a bá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, ẹni tó rí ìwé iná gbà á máa fi yangàn bíi pé wọ́n ti fún un lódò.

Dáàmù Ọ̀yán lápá Abẹ́òkúta náà ń bẹ níbẹ̀. 1983 ni Shagari ṣí i, ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan mẹ́gáwáàtì 3, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi jókòó láìṣiṣẹ́ kankan. Dáàmù wà, iná ò sí. Nítorí náà "ìdídò" nìkan ò lè dúró fún iná. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ "dí" níbẹ̀, gọ́tà ló ń dí, pàǹtírí ló ń dí i, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, sísé ló sé e, ìsédò ni. Ẹni tó bá fẹ́ máa pè é ní dáàmù kó máa pè é bẹ́ẹ̀, kó ṣáà fi àmì sí i, kó má di dààmú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí omi Ọ̀yán ń ya wọlé wọn lápá Ìṣẹrí lè ní ọ̀kan náà ni méjèèjì.

Ó ku ti pé ìwé parí. Ẹ̀gbọ́n ní ká máa pe wíwá òmíràn ní "ìsọdọ̀tun", àǹtí ní òun gbà bẹ́ẹ̀. Edwards tún ta kò yín. Wọn ò sọ ti àtijọ́ dọ̀tun, ẹ̀ẹ̀kan sí i ni wọ́n ń tọrọ, ìtúntọrọ ni kẹ́ ẹ pè é. Tí ìwé àtijọ́ bá wá parí kí FERC tó dáhùn, wọ́n máa ń fún ẹni náà ní ọlọ́dún kan-ọlọ́dún kan kí iṣẹ́ má dúró. Èmi á pe ìyẹn ní ìwé adelé, bí adelé ọba ṣe ń jókòó títí wọ́n á fi mú ọba tuntun. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú lọ kó mú un wá. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta àti Ìsẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, kí làwọn apẹja ibẹ̀ ń pe ilẹ̀kùn dáàmù tí wọ́n ń ṣí tí omi fi ń tú jáde? Mi ò fẹ́ ká jókòó síbí ṣẹ̀dá èyí tí wọ́n ti ní lọ́wọ́.