regulator_set_load dá 0 padà, síbẹ̀ iná ò tó mẹ́mọ́rì káàdì

AraBódìjà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn tó ń fọwọ́ kan kernel Linux (ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ). Bọ́ọ̀dù Qualcomm kan ló wà lọ́wọ́ mi, RPMh (ẹ̀yà Qualcomm tó ń bójú tó iná) ló ń darí iná rẹ̀, sdhci-msm sì ni dráífà káàdì. Káàdì ń jí dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ti da fáìlì ńlá sínú rẹ̀ ní SDR104 (ìpele ìyára káàdì SD), error -110 àti -84 á kún dmesg (àkọsílẹ̀ kernel). Mo ti fi regulator_set_load(mmc->supply.vmmc, 800000) sínú dráífà láti sọ iye iná tí káàdì máa fà lára vmmc (iná káàdì), 0 (pé kò sí àṣìṣe) ló sì ń dá padà. Síbẹ̀, "unknown" ni opmode (ipò iṣẹ́ ẹ̀yà iná) ń kà nínú regulator_summary (àtẹ tí kernel fi ń ṣàfihàn iná). Ṣé kí n fi kún 800000 yẹn ni?

OníDráífà_Agbowó:
Ẹ má fi nǹkan kan kún un. µA ni wọ́n fi ń kà á, 800 mA nìyẹn, òun náà sì ni ààlà tó ga jù nínú ìwọ̀n mẹ́rin tí káàdì SD máa ń gbà: 200, 400, 600, 800.

0 yẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Bí regulator-allow-set-load kò bá sí nínú device tree (fáìlì tó ń ṣàpèjúwe bọ́ọ̀dù fún kernel), drms_uA_update, tí regulator_set_load ń pè nínú kernel, á kàn kọ "DRMS operation not allowed" sí ìpele debug, á sì dá 0 padà láìṣe ohunkóhun. "unknown" tí ẹ rí fi hàn pé kernel kò tíì béèrè mode kankan. Ohun tí bootloader (ètò tó ń jí bọ́ọ̀dù) bá fi sílẹ̀ ni LDO (ẹ̀yà tó ń pèsè iná fún káàdì) ń lò, ó sì lè jẹ́ LPM (ipò agbára kékeré). Nínú dráífà rpmh, 10000 µA ni ẹrù (iye iná tí wọ́n ní àwọn máa fà) gbọ́dọ̀ dé kí PLDO (irú LDO kan) tó bọ́ sí HPM (ipò agbára ńlá). Káàdì tó ń kọ fáìlì ń fa ju 10 mA lọ fíìfíì, fóltéèjì á wálẹ̀, CRC (àyẹ̀wò dátà) á bàjẹ́ (-84), tàbí kí káàdì dákẹ́ títí àkókò á fi tán (-110).

Inú node (abala device tree) LDO fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi èyí sí, kì í ṣe node sdhc (ti olùdarí káàdì):

```
regulator-allow-set-load;
regulator-allowed-modes = <RPMH_REGULATOR_MODE_LPM
                           RPMH_REGULATOR_MODE_HPM>;
```

Ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀ o. Bí ìlà kejì kò bá sí, kernel ò ní rí mode tó lè yàn, ìgbà yẹn ni regulator_set_load á wá máa dá error gidi padà.

Wáyà_Dúgbẹ̀:
Òótọ́ ni. Ẹ ṣọ́ra fún ibi tí ẹ ti ń pe regulator_set_load náà. Ẹrù oníbàárà (dráífà tó ń lo iná náà) tó ti tan iná rẹ̀ nìkan ni kernel ń rò pọ̀, nítorí náà ẹ pè é ní MMC_POWER_UP kí mmc_regulator_set_ocr tó tan vmmc, kí ẹ sì dá a padà sí 0 ní MMC_POWER_OFF. Ẹ kọ́kọ́ fi IS_ERR yẹ vmmc wò, torí ó lè má sí. Ẹ má pè é nígbà tí spinlock (títì tí kò gba oorun) bá wà lọ́wọ́ yín, mutex (títì tó lè sùn) ló wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá rí `*` lẹ́gbẹ̀ẹ́ mA nínú regulator_summary, ẹ ti kọ ẹrù sílẹ̀ ṣùgbọ́n oníbàárà yẹn kò tíì tan iná.

AraBódìjà:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ó ti di "fast", kò sì sí -110 mọ́. Mo rí i pé device tree bọ́ọ̀dù DragonBoard 410c fi regulator-system-load = <200000> sí i. Ṣé èmi náà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí n yọ ti inú dráífà kúrò?

OníDráífà_Agbowó:
Á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Kernel á máa ka 200 mA yẹn ní gbogbo ìgbà, ì báà jẹ́ pé káàdì ń sùn, nítorí náà LDO ò ní padà sí LPM. Bí bọ́ọ̀dù yín bá ń lo bátìrì, ẹ máa rí i lára rẹ̀. RPM àtijọ́ (tó ṣáájú RPMh) ni ti 410c, iye ẹrù gan-an ni dráífà rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ ní mA, kò nílò allowed-modes.

Ó ku vqmmc (iná àwọn wáyà tí dátà káàdì ń gbà). LDO tirẹ̀ náà nílò ìlà méjèèjì, àmọ́ ẹrù rẹ̀ kéré: 22000 ni kernel tí Qualcomm ń fún àwọn oníbọ́ọ̀dù máa ń kọ fún káàdì SD, 325000 fún eMMC (mẹ́mọ́rì tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù).